Bọ́tìnì Ẹnu-Ọ̀nà

Ní ìlú Oulu, nínú àpótí irin tó ga ju ènìyàn lọ,
Tuulikki ń pa ojú ọjọ́ dà bó ṣe wù ú.
Ó yí i síhìn-ín, omi dì gbagidi;
ó yí i sọ́hùn-ún, ìkùukùu oníyọ̀ ń sẹ̀ wìnìwìnì,
oòrùn tí kò mọ ìrọ̀lẹ́ pọ́n bí ẹyin iná.
Ogójì ọjọ́ péré ló fi kó ogún ọdún
lé bọ́tìnì kékeré kan lórí,
bọ́tìnì aago ẹnu-ọ̀nà.
Ìka irin ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sinmi, ó ń tẹ̀ ẹ́,
títí ó fi di ẹgbàárùn-ún.
Ó ṣì ń dún kiriri.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé: ó yege.

Nírọ̀lẹ́ ó yà sílé Veikko, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.
Irú bọ́tìnì yẹn náà ni; òun ló kàn án mọ́bẹ̀
lọ́dún tí ìyàwó bàbá náà kú.
Yìnyín bo àtẹ̀gùn. Kò sí ipasẹ̀ kankan,
àfi ti ológbò.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ó pẹ́. Bàtà ń wọ́ bọ̀ nínú ilé.
"Ó dún!" ni bàbá wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
"Mo ti rò pé ó ti bàjẹ́."