Agolo Wàrà

Ṣọ́ọ̀bù táyà Orville Tveit ni wọ́n ti ń ṣèpàdé,
láàárín òórùn rọ́bà àti kọfí tó ti jóná nídìí,
yìnyín ń bọ́ níta bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu.
Ṣọ́ọ̀kì ni Orville fi kọ ọ́ sára ògiri:
ilé ìwé méje tí Líìgì Ńlá lè mú wọlé.
Tiwa ló ṣe ìkẹrin.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ipò kẹta la wà.
Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́jú.

Darlene Sorbo, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní ìṣirò,
ní ká yé tan ara wa jẹ.
“Tẹlifíṣọ̀n mélòó ló wà ní gbogbo àfonífojì yìí?
Ẹ ka ti ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn,
ẹ ka ti ilé àwọn arúgbó, níbi tí wọ́n ti ń sùn níwájú rẹ̀.
Ojú tó ń wòran ló ń pawó fún wọn.
Ojú wa ò pọ̀.”

Brisco Halvorsen fò dìde, kọfí dà sí i lẹ́sẹ̀:
“Àwa tí a na Tarrow lọ́dún tó kọjá,
mẹ́tàdínlógún sí mẹ́rìnlá,
nínú òtútù tó ń mú kí itọ́ dì lẹ́nu!”
Orville ní a ó fi ẹgbàajì ìjókòó kún pápá.
Darlene ní owó ta?
Orville ń fi bébà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Èmi ò dá sí i.
Èmi ni mo ń gé koríko pápá yẹn.
Mo mọ ibi tí omi ń dá sí, mo mọ òpó tó ti ń tẹ̀,
mo mọ ibi tí ọmọ Darlene ti kán lẹ́sẹ̀,
tí ìyá rẹ̀ ò kúrò lórí ìjókòó bí wọ́n ti ń gbé e lọ,
torí eré ò tíì parí.

A dà bí omidan tó ti kunra, tó ti dirun,
tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí;
ọkọ̀ tó bá ti rọra lójú pópó,
á ní àwọn àna òun ló dé.
Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ ò bèèrè ẹwà,
wọn ò bèèrè ìwà,
iye ilẹ̀ baba rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè.

Ọjọ́bọ̀, bí aago mẹ́rin, ìròyìn dé.
Wọ́n mú Tarrow.

Tarrow! Àwọn tí a ti kórìíra
láti ìgbà tí baba Orville ti ń wọ ṣòkòtò péńpé.
Ní Oṣù Kọkànlá ọdọọdún la máa ń wakọ̀ gba orí òkè
lọ bú wọn, tàbí kí wọ́n wá bú wa,
nítorí agolo wàrà kan tó ti dógùn-ún,
tí àgbẹ̀ méjì fi ta tẹ́tẹ́ lọ́dún tí ọ̀dá dá.

Brisco ló kọ́kọ́ bi í: “Agolo náà ńkọ́?”
“Ọwọ́ wa ló wà,” Darlene wí.
“Ọwọ́ wa náà ni yóò wà.”
Ó sì yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.
Mi ò rí i rí kí ìṣirò ṣe é bẹ́ẹ̀.

Orville mú àkísà, ó nu Tarrow kúrò lára ògiri.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tiwa.

Ni ọkùnrin kan bá wọlé, yìnyín kún bàtà rẹ̀,
táyà rẹ̀ ti jò lójú ọ̀nà.
Àmì Tarrow wà níwájú fìlà rẹ̀.
Ó ti pẹ́ tí Orville ti ń fi dọ́là méjì
lé owó ẹni tó bá dé fìlà yẹn wọlé.
Gbogbo wa ló mọ̀. Àwọn náà mọ̀.
Ó lẹ táyà náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i,
ó wo fìlà ọ̀hún pẹ́.

“Dọ́là méjì lé,” ó wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó san án.
Ó fa àga kan, ó bu kọfí.