Ohun Tí Òṣùwọ̀n Ò Lè Wọ̀n

Èmi ni mo jókòó ti òṣùwọ̀n
nílé-iṣẹ́ kájú, lẹ́yìn Tákìé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́.
Bíró létí, ìwé ńlá lórí itan,
mo ń kọ kílò: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ààbọ̀.
Ogún obìnrin ló ń la kájú níwájú mi,
eérú lọ́wọ́ wọn,
torí epo èèpo kájú kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Kò sí nínú fáìlì kankan pé Dọ́káàsì Oyèdòkun l'olórí.
Ṣùgbọ́n tó bá dìde lọ mumi,
gbogbo ọ̀bẹ ló máa dúró díẹ̀.

Máníjà tuntun dé, Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́,
bàtà rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù.
Ó ní yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn.
Ó kan pátákó mọ́ ògiri:
ÒṢÌṢẸ́ TÓ PEGEDÉ JÙ LÓṢÙ YÌÍ.
Àpò ìrẹsì kan wà nídìí rẹ̀.

Kí n má parọ́, lọ́sẹ̀ kìíní, bíró mi gbẹ.
Kílò ń gun orí kílò.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.
Ẹni tó máa ń bu eérú fún ẹnìkejì
ti gbé igbá eérú sábẹ́ ẹsẹ̀.
Wọ́n ń fi ọ̀bẹ pamọ́ bí ẹni fi oyún oṣù kan pamọ́.
Ìkánjú ń fọ́ kájú wẹ́wẹ́;
odidi ni oníbàárà ń rà,
òṣùwọ̀n mi ò mọ odidi yàtọ̀ sí èérún.

Fèbé ló gba ìrẹsì. Ọmọ ọdún méjìlélógún,
ọwọ́ yá bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.
Ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó ń rẹ́rìn-ín títí dé Masífa.
Lọ́jọ́ Ajé ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."
Ẹnu méjìdínlógún ló pa dé.
Ìyá Sàlámátù nìkan ló dáhùn, òun náà wolẹ̀ dáhùn.

Kò pẹ́, kílò Fèbé já sí mẹ́wàá, ó já sí mẹ́jọ,
ó dúró síbi tí tàwọn yòókù dúró sí.
Máníjà pè mí: "Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"
Mo ní mi ò mọ̀.
Mo mọ̀.
Ẹni tí kò rẹ́ni bá jẹun lọ́sàn-án,
kí ló fẹ́ fi ìrẹsì ṣe?

Ìsàlẹ̀ ìwé mi pátápátá ni Dọ́káàsì wà.
Kílò márùn-ún. Márùn-ún ààbọ̀.
Máníjà fi bíró pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.
Mi ò sọ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́:
ìdajì ọ̀sán ló fi ń di ọwọ́ ọmọ tuntun mú,
"Ẹ̀gbẹ́ ni kí o ti là á, má fi ọ̀bẹ wá inú."
Ohun tí ọmọ náà bá là, orúkọ ọmọ náà ni mò ń kọ ọ́ sí.
Ẹ̀rù ló bà mí. Iṣẹ́ mi ni mo fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan l'óṣù Ẹrẹ́nà,
Máníjà bọ́ bàtà dídán, ó jókòó sórí àpótí,
ó ní kí wọ́n fún òun lọ́bẹ.
Kájú mẹ́ta péré. Epo ta sí i lọ́wọ́. "Yéè!"
Dọ́káàsì ò sọ̀rọ̀. Ó bu eérú,
ó kó ìka ọ̀gá jọ bí ìka ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi,
ó rọra fi pa á.
Máníjà wo òṣùwọ̀n. Ó wò mí.
Mo wolẹ̀.

Wọ́n ti yọ pátákó náà. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí.
Ojú ibẹ̀ funfun lára ògiri bí àpá.
Fèbé ti ń bá wọn jẹun,
ṣùgbọ́n kò tíì fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́.
Èmi náà ti fa ìlà kan kún ìwé mi, kò lákọlé.
Mo kọ "Dọ́káàsì" síbẹ̀.
Mi ò tíì mọ iye kílò tí n ó kọ sí i.