Àwọ̀n Inú Eyín

Yìnyín ti bo fèrèsé yàrá ìwádìí wa ní Sapporo.
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ péré, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo gbé eyín kan lé àtẹ́lẹwọ́,
eyín ìkẹyìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin kan tí n kò mọ̀.
Ìgò rẹ̀ ní nọ́ńbà, kò ní orúkọ:
mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Ó ti jẹ ìrẹsì fún ọgbọ̀n ọdún, bóyá,
ó ti bá ẹnìkan rẹ́rìn-ín,
ó wá dákẹ́ sínú omi.

Èèpo eyín kì í da ni láàmú.
Ó gbẹ, ó le, ó ń gba àtè bí ògiri ṣe ń gba ọ̀dà.
Inú eyín ni wàhálà wà,
inú tó tutù, tó ní ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ,
tí omi ń gba ibẹ̀ sun bí òógùn.
Ta ní ń lẹ nǹkan mọ́ ara ẹni tó ń làágùn?

Mo kán ásíìdì sí i. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Mo fi omi ṣàn án.
Ohun tó kù nígbà tí ẹfun eyín yọ́ dànù
ni àwọ̀n, okùn tín-ín-rín tín-ín-rín
tí ojú lásán kò lè rí,
tó dúró nítorí pé omi gbé e dúró.

Apẹja ni bàbá mi, ní Otaru.
Ó ní àwọ̀n tó wà lómi, ilé ni;
gbé e sórí ilẹ̀, ó di òkìtì.
Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí i jù,
àwọ̀n á wó, àtè kò ní ríbi wọlé.
Bí mo bá fi omi sílẹ̀ jù, àtè á rì.
Ibì kan wà láàárín méjèèjì
tí ìwé kò lè júwe tán,
tó ń dán bí ètè ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá a.
Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo rí i.

Mo fi àtè pa á. Mo tan iná búlúù.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ohun tó ń ṣàn di òkúta.
Ọ̀la ni ayùn yóò gé e sí igi wẹ́wẹ́
tí kò tó ìlàjì igi ìṣáná,
lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo:
fífà.

Àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Èmi ni wọ́n ń sanwó fún kí n bà á jẹ́,
kí n sì kọ iye agbára tó gbà sílẹ̀.

Pà! Igi kìíní já. Níbi àtè ni.
Ìkejì já. Ibẹ̀ náà ni.
Ìkẹta, ẹ̀rọ ń fà, nọ́ńbà ń gòkè,
Dókítà Kuwabara dìde lórí àga,
ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀ —
pà!
Eyín fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́. Àtè ṣì dì mú.
“Ìyẹn dára,” ló wí, ó mu tíì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kì í yọ̀ lọ́jọ́ kìíní mọ́.
Àwọn ìgò mìíràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù
tí eyín inú wọn ti lo oṣù mẹ́rìnlá
nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, bí inú ẹnu.
Òmíràn nínú wọn kì í dúró de ẹ̀rọ,
ọwọ́ mi ló ń já sí, bí mo ṣe fẹ́ gbé e.
Omi tó gbé àwọ̀n dúró kí àtè lè wọlé,
omi náà ló padà wá tú u,
láìkánjú, láìpariwo.

Lóṣù tó kọjá, ohun tí wọ́n fi dí eyín bàbá mi
bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹja.
Ó pọ́n ọn sínú bébà, ó fi ránṣẹ́ sí mi.
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn bébà náà pé:
“Minori, ó lo ọdún mẹ́sàn-án.
Àwọ̀n mi kankan kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.”

Mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá.
Ní ìdí rẹ̀, okùn bíi mélòó kan láti inú eyín rẹ̀
ṣì di àtè mú.
N kò kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀.