Ìgò Kékeré Tó Wà Nínú Fíríìjì

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù ní Láfẹ́nwá.
Mojírádé ní, "Bàbá, ẹ gbójú sókè."
Ẹ̀kán kan bọ́ sí ọ̀tún;
èkejì ṣìnà, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ
bí ẹkún tí n kò sun.
Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbójú sókè.

Rélùwéè ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì.
Èmi ni mo ń gbé àsíá: aláwọ̀ ewé kí ọkọ̀ kọjá,
pupa kó dúró.
N kò mọ̀ pé olè kan ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú mi wọlé.
Kò ro mí, kò pọ́n, kò ṣepin,
ó kàn ń ká ayé mi láti etí bí ẹni ń ká ẹní,
títí mo fi fèjìká gbá ọkùnrin kan lórí afárá
tí mo sì bú u pé kò ríran.

Dókítà Ṣódẹ̀indé ya ojú sórí ìwé fún mi.
Omi kan ń sun nínú rẹ̀ tí kì í ṣe omijé,
ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí,
ó wá ń tẹ iṣan ìríran mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Mo ní, "Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa náà nìyẹn."
Ó ní oògùn á dín omi kù, ṣùgbọ́n alaalẹ́ ni, títí ayé.
Abẹ á la ojú ọ̀nà mìíràn, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè.
Èwo ló sàn?
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún:
"Èyí tí ẹ bá lè bá gbé ni."

Owó ìfẹ̀yìntì, ó wá lóṣù yìí, ó sùn sọ́nà lóṣù tó ń bọ̀.
Ìgò tí kò tó àtàǹpàkò ń náwó bí ọmọ yunifásítì.
Bí iná bá lọ, fíríìjì a di àpótí,
a ó di ìgò sínú ọ̀rá, a ó rì í sínú amù.
Mo ti pa ọjọ́ mọ́kànlá jẹ rí.
Mo sọ fún Mojírádé pé mo ti kán an.

Ṣóbándé ará Ìbarà ṣe iṣẹ́ abẹ ní tirẹ̀.
Láti mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìfúnpá ojú rẹ̀ wálẹ̀ sí méjìlá;
ó ń fi yangàn bí ẹni tó yege ìdánwò.
"Ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń sá fún abẹ!"
Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ṣe tirẹ̀,
ihò náà jinná, ó dí,
ó tún padà sídìí ìgò.
Ìyẹn, Ṣóbándé kì í sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú:
èyí tó ti lọ, oògùn kò ní mú un wá, abẹ kò ní mú un wá.
Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi mo ṣì ń rí Olúmọ;
ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
àfi bí mo bá yí ọrùn.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé ti ojú òsì, èyí tó burú jù.
Ọjọ́bọ̀ ni.
Ọ̀tún ṣì wà lọ́dọ̀ ìgò.
Mojírádé bèèrè bóyá ẹ̀rù ń bà mí.
Mo ní kó kán an,
aago mẹ́sàn-án ti kọjá.