Ìlú Ọlọ́nà Méjì

Ó ní, "Ṣikágò ni ọkọ̀ òfurufú wa ń bọ̀."
Mo ní mo ti gbọ́. N kò bi í pé apá ibo.
Ta ní í bi àlejò pé ẹnu ọ̀nà wo lo máa gbà wọlé,
nígbà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lòun fúnra rẹ̀ mọ̀?

Láti aago mẹ́rin ni mo ti dúró sí O'Hare,
mo na ọrùn bí àgùnfọn.
Èrò ń jáde, wọ́n ń wọ́ àpótí gìrìrì.
Ọmọdé kan gbé páálí tó kọ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ sí.
Èmi ò gbé nǹkan kan. Ta ní í kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí páálí?
Àmọ́ ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá.
Mo pa ojú tì, ẹsẹ̀ ni mo ń wò,
torí ó máa ń wọ́ ti òsì díẹ̀
láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí igi ìyeyè.

Fóònù dún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dà?
Midway ni wọ́n kọ síbí."
Midway! Gúúsù nìyẹn, àríwá lèmi wà,
gbogbo ìlú ló dùbúlẹ̀ sáàárín wa.
Mo ní, "O'Hare ni mo wà, ṣáà dúró—"
Fóònù rẹ̀ kú kí "dúró" tó dé etí rẹ̀.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí rélùwéè aláró.
Dọ́là márùn-ún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀;
níbòmíràn, ìdajì ni.
Ó jọ owó ìtanràn ẹni tó ṣìnà.
Mo san án.

Rosemont. Jefferson Park.
Àárín títì márosẹ̀ la ń gbà,
mọ́tò lọ́tùn-ún, mọ́tò lósì, gbogbo wọn dúró gbagidi,
iná ẹ̀yìn wọn pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.
A kọjá wọn fìrì. Inú mi dùn; ojú sì tì mí pé ó dùn.
Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àwọn agbẹ́rù ń sùn,
orí rẹ̀ ń lu gíláàsì, kò jí.
Ara rẹ̀ ti mọ ibi tí yóò ti dìde.

Ní Clark òun Lake, aláró wà lábẹ́ ilẹ̀,
ọlọ́sàn wà lókè lórí ẹsẹ̀ irin.
Àtẹ̀gùn tó ń gbé ara rẹ̀ kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lágbedeméjì;
mo fi orúnkún ara mi parí rẹ̀.
Ọlọ́sàn ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ti lọ.

A kúrò ní Roosevelt. Rélùwéè kan ń bọ̀ lódìkejì,
ó rọra, àwa náà rọra,
fèrèsé ń wo fèrèsé.
Fìlà Bàámi ni mo kọ́kọ́ rí,
èyí tí mo rí nínú fọ́tò ìsìnkú, torí n kò lè lọ.
Abẹ́ fìlà náà ni àbúrò mi wà,
ó ń ka àwòrán ọ̀nà lára ògiri bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò.
Mo lu gíláàsì. "Ṣíjúwadé! Ṣíjú!"
Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ló ṣíjú.
Àbúrò mi ti lọ.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Halsted, mo yí padà.
Clark òun Lake: kò sí níbẹ̀.
Mo wá rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbọ́ lẹ́nu mi.

Aago mẹ́jọ ku díẹ̀, O'Hare.
Ibi tí mo dúró sí gan-an ló dúró sí,
lẹ́bàá òpó kan náà,
ó na ọrùn bí àgùnfọn,
ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ló ń wò.
N kò mọ ohun tó ń wá lẹ́sẹ̀ mi. N kò bi í.
Ó ní, "Ẹ pẹ́ o."

A jọ wọ́ àpótí náà padà sídìí rélùwéè.
Dọ́là mẹ́wàá, torí a ti di méjì.
Ó ní ó mà wọ́n.
Mo ní kó ṣáà wọlé.