Èèkàn Pupa

Èmi ni mo ru àwọn èèkàn náà.
Ogójì igi, wọ́n kun orí wọn ní ọ̀dà pupa,
mo kó wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì bí ẹni ṣẹ́gi ìdáná,
mo ń tẹ̀lé awọnlẹ̀ kiri oko Ìdó-Ọ̀pẹ,
ẹgbàajì náírà lójúmọ́, oúnjẹ wà lọ́tọ̀.

Kòtò àkọ́kọ́ kò tó wọn mọ́.
Wọ́n ní èédú ilẹ̀ wa dára, ó ń yọ́ irin;
àwọn ará òkè òkun ń béèrè sí i,
ọkọ̀ ojú omi dúró ní Àpápá, ó lanu bí ọmọ ẹyẹ.
Nítorí náà kòtò gbọ́dọ̀ fẹ̀.
Ó ti dé ẹ̀yìn ilé ìwé,
ó ti jẹ oko gbágùúdá Ìyá Dẹ̀hìndé.
Gàrí tó kù nínú agbada rẹ̀, bí o bá da omi sí i,
ojú omi a dúdú kó o tó wá ṣúgà.

Àwọn baba wa náà gbẹ́ ilẹ̀ rí.
Ẹ lọ wo Erédò nínú igbó:
ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó yí ilẹ̀ ká,
kí ohun tó wà nínú má baà jáde.
Èyí, wọ́n ń gbẹ́ ẹ kí ohun tó wà nínú lè jáde.
A máa ń ní kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò má gbẹ́ ẹ jìn;
àwọn gbẹ́ ẹ jìn, wọ́n lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Láti èèkàn kìíní dé ogún, mi ò sọ̀rọ̀.
Ìkọkànlélógún bọ́ sórí bàbá mi.
Kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀: pẹ̀rẹ̀gún mẹ́ta,
ìgò ọtí tí ẹ̀gbọ́n mi Bánúṣọ dojú rẹ̀ délẹ̀ lọ́dún tó kọjá.
Awọnlẹ̀ ní, "Kàn án."
Mo kàn án.
Ilẹ̀ dáhùn lábẹ́ òòlù, ohùn rẹ̀ rọ̀,
bí ìgbà tí bàbá bá ń dáni lóhùn láti ojú oorun.

Lóru, mo padà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù.
Mo fa èèkàn náà tu,
mo ka ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ìhà kòtò, mo tún un rì.
Bàbá mi, tó bá àbúrò rẹ̀ ṣẹjọ́ ọdún mẹ́fà
nítorí pẹ̀rẹ̀gún kan tó rìn lóru,
òun ni mo tìtorí rẹ̀ di ẹni tí ń sún ààlà.

Ilẹ̀ mọ́. Awọnlẹ̀ kò tilẹ̀ wo ilẹ̀.
Ó gbé ẹ̀rọ kékeré sókè bí ẹni ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
ó rin ẹsẹ̀ mẹ́wàá padà, ó dúró sórí bàbá mi.
"Ibí ni."
Kò bínú. Kò béèrè ẹni tó ṣe é.
Ó ní èèkàn kò já mọ́ nǹkan kan,
torí kí ojú tiyín lè rí i la ṣe ń kàn án.
Ààlà ti wà lójú ọ̀run,
níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kò ti lè fà á tu.

Mo gba ẹgbàajì mi.
Mo ra ọkọ́ tuntun ní Òkè-Àje,
ó ń dán, àmì ìlú òkèèrè kan wà lára irin rẹ̀.
Òun ni mo fi hú pẹ̀rẹ̀gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa gbìn wọ́n sí.
Wọ́n wà nínú garawa lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
wọ́n ti ń yọ ewé.