Àdéhùn Wáyà

Lóru ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi kú ní Kétu,
a ṣí àwòrán tí Àbíálà yà sínú kọ̀ǹpútà
kó tó kó lọ Kútọnu:
àpótí àti wáyà tí ẹ̀rọ ń kà kó tó fa omi.
Wáyà lórí wáyà,
bí irun ọmọ tó sá fún òòyà.
Àpótí kan ń jẹ́ "èyí," èkejì ń jẹ́ "èyí náà,"
ẹ̀kẹta kò lórúkọ; òun gan-an ló di omi mú.

Láléyẹ fi ìka tọ wáyà pupa kan,
ó wọ abẹ́ àpótí, kò jáde mọ́.
Àkùkọ kọ. Àwọn ìyá ti to bídọ́ọ̀nù
láti ẹnu ẹ̀rọ dé ẹ̀yìn ilé-ìwé.
Wọn kò bú wa. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Lọ́jọ́ kejì a jókòó ti ìwé kan.
Láléyẹ ní kí wáyà máa ti òsì lọ sọ́tùn-ún
bí ìwé Faransé.
Mùníátù, ọmọ ilé-kéwú, ní rárá,
ọ̀tún ni Bísímílà ti ń bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n fà á títí oòrùn fi kan àtàrí.
Bàbá Odúnlámí tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ,
tí kò mọ álífù, tí kò mọ ábídí,
bi wá pé: "Omi náà ńkọ́? Ibo ló ń gbà?"
A kọ ọ́ sílẹ̀: láti òkè wá sísàlẹ̀.

A kọ ọ́ pé kí àpótí máa jẹ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀,
pé wáyà ò gbọdọ̀ gba abẹ́ ẹnikẹ́ni,
pé agbo àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹnu-ọ̀nà kan,
bí Àkábà Ìdénà ayé àwọn baba wa:
ẹni tó bá wọlé, gbogbo ìlú rí i.
A ní pupa fún ewu, àwọ̀ ewé fún àlàáfíà.
Ṣùlé wúkọ́.
Ọdún mẹ́ta la ti ń bá a ṣiṣẹ́,
ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ
pé ata àti ewé rẹ̀, àwọ̀ kan náà ni lójú òun.
A pa á rẹ́. A fún ewu ní igun mẹ́ta,
a ṣe àlàáfíà ní róbótó.

Èmi ni wọ́n ní kí n tún àwòrán Àbíálà tò.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo rúdurùdu yẹn,
mo rí ọ̀rọ̀ kékeré kan:
"Ẹ má bínú. Ilẹ̀ ti ṣú, ìyàwó mi ń rọbí."
Kò bá àdéhùn mu, kò so mọ́ nǹkan kan.
Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.
Omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.